Ọmọ Tó Ń Fi Ọwọ́ Di Etí: Kì í Ṣe Àìgbọràn, Kì í Ṣe Àlùjọ̀nnú



Ọ̀rọ̀ omi, ọṣẹ, oúnjẹ àti àyíká ni a sábà máa ń sọ ní ojú ìwé ìlera àti ìmọ́tótó yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ìjẹ́wọ́ ni a fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àwa tí à ń kọ́ ẹlòmíràn ní ọ̀rọ̀ ìlera ti ṣe àṣìṣe kan.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, a wà ní mọ́ṣáláṣí kan ní Ibafo, tí kò jìnnà sí òpópónà márosẹ̀ tó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn. Ìyá kan jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún méje. Bí wọ́n ti tan ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó han gooro bó ti máa ń ṣe. Àwa kò tilẹ̀ kà á sí. Ṣùgbọ́n ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì di etí, ó figbe ta, ó sì sá jáde láìwọ bàtà. Ọ̀nà márosẹ̀ ló forí lé. Ọlọ́hun ló ní kí ọlọ́kadà kan wà nítòsí, òun ló gbá a mú kó tó dé ibi tí àwọn tírélà ti ń sáré kọjá.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbé e padà wá, tí ẹkún kò tíì tán lójú àwọn méjèèjì, ẹnì kan ní kí wọ́n na ọmọ náà. Ẹlòmíràn ní àlùjọ̀nnú ló ń bá a jà. Àwa tí à ń kọ èyí kò nà án, a kò sì pè é ní ẹlẹ́mìí àlùjọ̀nnú, ṣùgbọ́n ohun tí a sọ kò sàn ju ìyẹn lọ: a ní kí ìyá rẹ̀ máa fi í sílé. Ó fèsì pé, "Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà." Ó ká aṣọ ìkírun rẹ̀, ó sì lọ. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, a kò rí òun àti ọmọ rẹ̀ mọ́.

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, orí ọmọ sì wọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi lọ béèrè, tí a kàwé, tí a sì bá àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí irú rẹ̀ má bàa ṣẹlẹ̀ sí ìdílé mìíràn láàárín wa.

Kí ló ń ṣe ọmọ náà?

Ọ́tísíìmù ni àwọn dókítà ń pè é. Kì í ṣe àrùn tó ń ràn. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ìyá. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ló fà á: ìwé tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀ ní ìlú òyìnbó ní 1998 ni ìwé ìròyìn Lancet tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde fúnra rẹ̀ ti fagi lé ní 2010. Bí ọpọlọ ọmọ náà ṣe ń dàgbà ló yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ọmọ. Ó ń hàn nínú bó ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, bó ṣe ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré, àti bó ṣe ń fẹ́ kí ohun gbogbo máa lọ bákan náà lójoojúmọ́. Ó tún ń hàn nínú bí ariwo, ìmọ́lẹ̀, òórùn, adùn àti ìfọwọ́kàn ṣe ń rí lára rẹ̀. Apá tó gbẹ̀yìn yìí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Ní 1943, Leo Kanner, dókítà kan ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé nípa ọmọ 11 tó ní irú ìṣẹ̀dá yìí. Lára ohun tó rí ni pé ariwo ẹ̀rọ ìgbálẹ̀, omi tó ń ṣàn, kódà afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́, lè kó jìnnìjìnnì bá wọn. Síbẹ̀, ọdún 2013 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ti Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀rọ̀ ìmọ̀lára yìí kún àwọn àmì tí wọ́n fi ń dá ọ́tísíìmù mọ̀. Ẹni tó bá sì ń sọ pé àrùn òyìnbó ni, kí ó mọ̀ pé ní 1978 ni olùwádìí Victor Lotter ti tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ tó ní i ní Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó dé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní 2021, nínú ènìyàn bíi 127, ẹnì kan ló ní i. Bí mọ́ṣáláṣí wa bá ń gba 500 ènìyàn lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ṣeé ṣe kí mẹ́ta tàbí mẹ́rin wà láàárín wa. Àwọn mìíràn ti dàgbà, wọ́n ti bímọ, kò sì sí ẹni tó sọ fún wọn rí ìdí tí ọjà àti òde ìnáwó fi máa ń tán wọn lókun.

Ẹ wo asẹ́ tí ológì fi ń sẹ́ ògì. Èèrí yóò dúró sókè, ohun tí a nílò nìkan ni yóò kọjá. Ọpọlọ wa ní irú asẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí a ti jókòó yìí, fáànù ń yí, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń dún, aṣọ ń kan ara wa. Ọpọlọ ti sẹ́ gbogbo wọn kúrò, a kò sì mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Asẹ́ ọmọ tó ní ọ́tísíìmù lè ní ojú tó fẹ̀: gbogbo rẹ̀ ló ń kọjá lẹ́ẹ̀kan náà, èèrí àti ògì. Ti ẹlòmíràn sì há jù: ìrora, ooru, ebi, kódà ìtọ̀ tó ń gbọ̀n ọ́n, kì í tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná láìsunkún. Ó lè máa pòòyì, kó máa fò sókè-sódò, tàbí kó máa fi ara ti ògiri, nítorí pé ó ń wá ohun tí ara rẹ̀ yóò gbọ́. Ọmọ kan náà lè ní méjèèjì: etí rẹ̀ lè máa gbọ́ jù, kí awọ ara rẹ̀ má gbọ́ tó.

Temple Grandin, obìnrin ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1947, tó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹran ọ̀sìn, ní ọ́tísíìmù. Ó ti ṣàlàyé pé agogo ilé ìwé máa ń dun òun létí nígbà èwe bí ìgbà tí irin dókítà eléyín bá kan iṣan. Ẹ kíyè sí i: ìrora ni. Ta ni yóò na ọmọ nítorí pé eyín ń dùn ún?

Báwo ni a ṣe lè fi ìyàtọ̀ sí i? Ọmọ tó ń sunkún nítorí bisikíìtì máa ń wojú wa bóyá a ń wò ó. Bó bá sì rí i gbà, ẹkún tán. Ọmọ tí ariwo tàbí ìmọ́lẹ̀ ti borí kò wojú ẹnikẹ́ni. Ìlérí kò lè mú un dákẹ́, ìbáwí á tún fi kún un. Ohun tó ń fẹ́ ni ibi tó dákẹ́, ibi tó ṣókùnkùn díẹ̀, àti àkókò.

Ìlú wa ń pariwo

Ẹni tó ń gbé Mowe tàbí Ibafo mọ bí ibẹ̀ ti rí. Fèrè tírélà lórí márosẹ̀, igbe àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀, ọ̀kadà, ẹ̀rọ ata, jẹnẹrétọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ títí di òru. Ìrẹsì Ọ̀fàdà, tí wọ́n ń gbìn nítòsí wa níbí, ní òórùn tí àwa ń yọ́ ẹnu sí. Òórùn yẹn kan náà lè mú kí ọmọ kan bì. Ní Ìfọ̀, ọkọ̀ ẹrù tó ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta, ariwo ọjà àti ti ọkọ̀ ojú irin wà níbẹ̀ pẹ̀lú. A kò lè pa ìlú lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n nínú ilé wa àti mọ́ṣáláṣí wa, agbára wa ká ohun púpọ̀.

Ìwẹ̀, eyín, irun àti èékánná

Ìyá ọmọ náà sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ìwẹ̀ ọmọ òun dà bí ogun lójoojúmọ́, àwọn aládùúgbò sì ń rò pé òun ń lù ú. Èyí ni àwọn ohun tó ti ran àwọn ìdílé lọ́wọ́:

Ẹ má da omi lé ọmọ lórí lójijì. Ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan omi, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀. Ẹ lo omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, àgbàlagbà ni kó fi ìgúnpá rẹ̀ wò ó, nítorí ọmọ tí kì í tètè mọ ooru lè jóná. Bí kànìnkànìn bá le jù, aṣọ rírọ̀ tó. Ọwọ́ tó tẹ̀ ṣinṣin dára fún ọ̀pọ̀ nínú wọn ju ọwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yún wọn lára. Ọṣẹ tí kò ní òórùn líle ni kí ẹ wá. Ẹ sọ iye omi tó kù fún un: "Ó ku ìgbá mẹ́ta." Tó bá pé mẹ́ta, kí ó pé mẹ́ta. Ọmọ tó bá rí i pé ọ̀rọ̀ yín kì í yẹ̀ yóò túbọ̀ fara balẹ̀.

Ọṣẹ ìfọyín máa ń ta ọ̀pọ̀ nínú wọn lẹ́nu bí ata. Ẹ fi ìwọ̀nba díẹ̀ sí i, tàbí kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti omi lásán bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ pákò ló gbà, ẹ fún un ní pákò. Bí ẹ̀rọ ìgẹrun bá ń dẹ́rù bà á, ẹ fi sìsọ́ọ̀sì gé e nílé, díẹ̀díẹ̀, kódà bó gba ọjọ́ mẹ́ta. Èékánná rọrùn láti gé lẹ́yìn ìwẹ̀, tàbí nígbà tó bá sùn. Ọmọ tí kì í mọ̀ pé ìtọ̀ ń gbọ̀n òun, ẹ máa mú un lọ sí ilé ìtọ̀ ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, kí ẹ má sì fi í ṣe ẹlẹ́yà bó bá tọ̀ sára.

Aṣọ àti oúnjẹ

Ẹ gé àmì tí wọ́n rán mọ́ ọrùn aṣọ kúrò. Ẹ fọ aṣọ tuntun lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí ó tó wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ Ìtunu Ààwẹ̀ àti Iléyá, gbogbo wa ló fẹ́ kí ọmọ wa wọ léèsì. Ṣùgbọ́n bí léèsì bá ń gún un bí ẹ̀gún, jàlàbíà òwú rírọ̀ tó ti wọ̀ tẹ́lẹ̀ yóò jẹ́ kí òun náà ṣọdún. Ọmọbìnrin tó ń ya ìbòrí kúrò lórí lè má jẹ́ ọlọ̀tẹ̀. Ẹ wá aṣọ tó rọ̀ tí kò fún un lọ́rùn, kí ẹ tó bínú.

Ní ti oúnjẹ, ọmọ tí a ń sọ yìí kì í jẹ ju ìrẹsì funfun, búrẹ́dì gbígbẹ àti ẹyin lọ. Bí ọbẹ̀ bá kan ìrẹsì rẹ̀ báyìí, ó tán. Ẹ má fi ipá ki oúnjẹ bọ ọmọ lẹ́nu. Ẹ gbé oúnjẹ tuntun díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó mọ̀, láìsọ pé kó jẹ ẹ́. Ó lè kọ́kọ́ wò ó, lọ́jọ́ mìíràn kó gbóòórùn rẹ̀, lọ́jọ́ mìíràn kó tọ́ ọ wò. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì máa wọn ọmọ náà, kí wọ́n sì yẹ eyín àti inú rẹ̀ wò, nítorí ìrora eyín àti inú kíkún lè fara pamọ́ sábẹ́ àìjẹun.

Àlùwàlá àti mọ́ṣáláṣí

Ọ̀pọ̀ òbí ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá gba irú ọmọ yìí láyè, ẹ̀sìn rẹ̀ yóò bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ẹ̀sìn fúnra rẹ̀ kọ́ wa. Súrà Baqarah, ẹsẹ 286, jẹ́ kó yé wa pé Ọlọ́hun kì í la ohun tó ju agbára ẹ̀mí kan lọ bọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó wà nínú hádíìsì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) máa ń fi omi tí kò ju múddì kan lọ ṣe àlùwàlá, pé ó sì ti fọ oríkèé kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí. Nítorí náà, ọmọ tí omi ń dẹ́rù bà lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu omi wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, kí ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì fi aṣọ nu ara. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, kí ẹ tó fi ipá mú un, ẹ lọ bi àáfà yín. Ẹni tó lè ṣe tó kọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó fẹ́ ṣe tí ara rẹ̀ kò jẹ́.

Ní ti mọ́ṣáláṣí, Ànábì wa máa ń gé ìrun kúrú nígbà tó bá gbọ́ ẹkún ọmọ, kó má bàa ni ìyá rẹ̀ lára. Kò sọ pé kí ìyá náà máa fi ọmọ sílé. Ó ní kí ẹni tó bá jẹ aáyù tàbí àlùbọ́sà tútù má wá sí mọ́ṣáláṣí, nítorí òórùn tó ń ni ẹlòmíràn lára. Nígbà tí àwọn kan ń ké Àlùkùránì sókè nínú mọ́ṣáláṣí, ó kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má fi ohùn dí ara wọn lọ́wọ́. Bí òórùn àlùbọ́sà àti ohùn kéwú bá lè ni àgbàlagbà lára títí tí a fi gbọ́dọ̀ kíyè sí i, mélòómélòó ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ń han létí ọmọdé?

Ohun tí mọ́ṣáláṣí lè ṣe kò ná wa lówó púpọ̀. Kí wọ́n dán ẹ̀rọ wò kí ènìyàn tó wọlé. Kí wọ́n yí ohùn inú ilé sílẹ̀. Kí àyè kan wà lẹ́yìn, tó jìnnà sí ẹ̀rọ, fún ẹni tó nílò rẹ̀. Kí a má fín lọ́fíńdà àti tùràrí líle sí ojú kan tí kò ní fèrèsé. Kí òbí fún ọmọ ní ohun ìbotí, kí ẹnikẹ́ni má sì bi í léèrè ìdí tó fi wọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà márosẹ̀

Èyí ni a kò gbọ́dọ̀ fi falẹ̀. Ọmọ tó ń sá fún ariwo kì í wo ọ̀tún tàbí òsì. Ẹ̀yin tí ilé yín sún mọ́ títì, ẹ fi ìkọ́ sí òkè ẹnu ọ̀nà, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Ẹ mú un mọ àwọn ọlọ́kadà àti àwọn ìyá tó ń tajà ní àdúgbò, kí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀ àti ilé rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sí inú aṣọ rẹ̀. Ẹ máa fi "dúró" kọ́ ọ bí eré lójoojúmọ́. Bó bá sọnù, ojú títì àti ibi tí omi bá wà ni kí ẹ kọ́kọ́ sáré dé.

Ibi tí a ti lè rí ìrànlọ́wọ́

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín, kí ẹ sì ní kí wọ́n yẹ etí àti ojú ọmọ wò, kí ẹ lè mọ̀ bóyá nǹkan mìíràn ló wà níbẹ̀. Àwọn ará Ìfọ̀ lè gba ọ̀nà Abẹ́òkúta lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Àrò, èyí tí Dókítà Thomas Adeoye Lambo sọ di olókìkí káàkiri àgbáyé. Àwọn ará Mowe àti Ibafo lè lọ sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ ní Ṣàgámù, tàbí sí ẹ̀ka àwọn ọmọdé ti ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábàá, tó wà ní Òṣòdì. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ "ilé ìwòsàn ọpọlọ" dẹ́rù bà yín. Ọ́tísíìmù kì í ṣe wèrè, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ wà. Kò sí oògùn tàbí àgbo tó ń mú ọ́tísíìmù kúrò. Ẹni tó bá ṣèlérí rẹ̀, owó yín ló ń wá. Ẹ̀kọ́, sùúrù àti àyíká tó rọrùn ló ń ṣiṣẹ́. Bí ilé ìwé bá sì kọ ọmọ yín nítorí ipò rẹ̀, òfin tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2019 lòdì sí fífi ìyà jẹ ènìyàn nítorí àìpé ara.

Bí ọ̀rọ̀ ọmọ Ibafo ṣe jẹ́

Àlhájà kan nínú wa ló kó wa lọ sí ilé wọn. Ó ní, "Ìyàwó wa, a wá tọrọ àforíjì ni." Ìyá náà sunkún. Ó wá ní kí a dákẹ́, kí a fetí sí yàrá. Ọmọ tí a ní kò yẹ ní mọ́ṣáláṣí jókòó sórí ẹní, ó ń ka Fátíhà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Inú ilé ló ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí mọ́ṣáláṣí ṣófo, ni ó kọ́kọ́ padà wá. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Àlàásárì, lẹ́yìn pátápátá, pẹ̀lú ohun ìbotí. Títí di òní, kò tíì lè dúró parí Jímọ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ni yóò ti padà, ìyá rẹ̀ yóò sì bá a padà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń sọ pé kó fi í sílé mọ́, ẹ̀rọ wa kò sì han mọ́.

Ẹ̀yin ará wa, bí ẹ bá rí ọmọ tó di etí, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó ń dún.

Kí Ọlọ́hun tó dá ìka láìdọ́gba fún wa ní ojú àánú, kí Ó ṣọ́ àwọn ọmọ wa lójú ọ̀nà, kí Ó sì forí jì wá lórí èyí tí a ti ṣe láìmọ̀. Àmín.